Iṣẹ́ Bọ́ Lọ́wọ́ Ẹni ní Amẹ́ríkà: Ìrìn Àjò, Iṣẹ́ Àbọ̀ṣẹ́ àti Ẹjọ́ Kò-Tẹ́-Mi-Lọ́rùn

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston, ní Bronx tàbí ní agbègbè Prince George's ní Maryland ni kì í fẹ́ kí ará ilé gbọ́ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Bí wọ́n bá pè é láti Ìbàdàn, yóò ní ibi iṣẹ́ kò burú, a dúpẹ́. Bí Sátidé bá dé, yóò wọ aṣọ ẹbí lọ síbi ayẹyẹ, yóò náwó bó ṣe ń ná an tẹ́lẹ̀. Ní Mọ́ńdè, yóò jókòó ti kọ̀ǹpútà, yóò máa wá iṣẹ́ kiri, ṣùgbọ́n kò ní fọwọ́ kan ìwé tí yóò fi béèrè owó tí òfin yà sọ́tọ̀ fún irú ẹni bíi tirẹ̀, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní unemployment. Ojú ń tì í. Lójú tirẹ̀, owó àánú ni, owó tí ìjọba ń fún àwọn tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́.

Irọ́ ni. Mo fẹ́ ká kọ́kọ́ mú irọ́ yẹn kúrò nílẹ̀, torí òun ló ń bí èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe yòókù. Ẹni tó bá gbà pé owó àánú lòun ń gbà yóò máa gbà á bí ẹni tó jí nǹkan. Yóò fi ìrìn àjò pamọ́, yóò fi owó iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́ pamọ́, bí wọ́n bá sì já owó náà, yóò dákẹ́, torí kò gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀tọ́ òun ni kì í bẹ̀rù láti sọ òtítọ́, kì í sì í gbà kí wọ́n fi du òun.

Owó adójútòfò ni. Lásìkò tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé, tí àìmọye èèyàn ń tò fún búrẹ́dì lójú títì, ìpínlẹ̀ Wisconsin ló kọ́kọ́ ṣe irú òfin yìí ní 1932. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ 1935, Ààrẹ Franklin Roosevelt buwọ́ lu òfin Social Security, ọ̀rọ̀ náà sì di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Frances Perkins, obìnrin àkọ́kọ́ tó di mínísítà ní Amẹ́ríkà, ló darí ìgbìmọ̀ tó gbé ètò náà kalẹ̀. Agbanisíṣẹ́ ló ń san owó yìí. Ìjọba àpapọ̀ ń gba ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún lórí 7,000 dọ́là àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá gbà lọ́dún. Bí ilé iṣẹ́ bá ti san ti ìpínlẹ̀ lásìkò, wọ́n máa ń dín in kù títí yóò fi ku 42 dọ́là péré lórí òṣìṣẹ́ kan. Èyí tó wọ̀ wọ́n lára ni ti ìpínlẹ̀, torí pé bí àwọn tí wọ́n dá dúró bá ṣe ń pọ̀ tó ni owó tí wọ́n ń san ṣe ń ròkè tó. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ni yóò ṣàlàyé ohun tó ń mú kí ọ̀gá àná yín kọ lẹ́tà láti ta kò yín. Àfi ní Alaska, New Jersey àti Pennsylvania ni wọ́n ti ń yọ díẹ̀ lára owó oṣù òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ sí i. Ètò náà kò sì ṣe déédéé láti ìbẹ̀rẹ̀. Òfin 1935 yọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko àti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ kúrò, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ aláwọ̀ dúdú ń ṣe nígbà náà, ó sì di 1976 kí wọ́n tó fẹ̀ ẹ́ dé ọ̀dọ̀ púpọ̀ nínú wọn. Aláwọ̀ dúdú tó bá wá ń sá fún un lónìí nítorí ìtìjú ń sá fún ohun tí wọ́n fi du àwọn tó ṣáájú rẹ̀.

Mo mọ ibi tí ìtìjú yẹn ti wá. Nílé, kò sí irú owó bẹ́ẹ̀. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní abala 16, ka ìrànwọ́ fún aláìníṣẹ́ mọ́ ohun tó yẹ kí ìjọba pèsè fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n abala 6 nínú ìwé kan náà ní ẹnikẹ́ni kò lè tìtorí rẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́. Èyí tó súnmọ́ ọn jù lọ wà nínú òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014: ẹni tí kò tí ì pé ọmọ 50 ọdún, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì rí òmíràn fún oṣù mẹ́rin, lè gbà tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ti kó jọ. Owó ara rẹ̀ náà nìyẹn. Ẹni tó dàgbà síbi tó jẹ́ pé ẹbí ló ń gbé aláìníṣẹ́ kò lè tètè gbà pé òfin kan wà níbì kan tó ń gba owó lọ́wọ́ ọ̀gá de ọjọ́ tí ọ̀gá yóò dá òṣìṣẹ́ dúró.

Ẹ̀rù ìwé ìgbélùú náà wà níbẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé ẹni tó bá gba owó yìí kò ní rí ìwé ìgbélùú (green card) gbà. Òfin 2022 tó sọ irú owó ìjọba tó lè kó bá ẹni tó ń wá ìwé kò ka eléyìí mọ́ wọn, torí pé iṣẹ́ ni èèyàn fi rí i. Ohun tí òfin ń béèrè ni pé kí ẹni náà ní ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀hún àti nígbà tó ń béèrè owó.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀. Ní Florida, 275 dọ́là lọ́sẹ̀ ni owó náà kì í kọjá. Ní New York, wọ́n gbé e dé 869 dọ́là ní oṣù Kẹwàá 2025. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń san án fún ọ̀sẹ̀ 26, àwọn mìíràn kò dé ibẹ̀ rárá. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí ọ̀rẹ́ yín tó wà ní New Jersey fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé níbi tó wà, kó sì kó yín sí wàhálà ní Texas. Ẹ ka ìwé ìpínlẹ̀ tiyín.

Ohun kan wà tó rí bákan náà káàkiri. Ẹni tó ń gba owó yìí gbọ́dọ̀ lókun láti ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ wà nítòsí tí iṣẹ́ bá yọjú, ó sì gbọ́dọ̀ máa wá iṣẹ́ lójú méjèèjì. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tàbí lọ́sẹ̀ méjì méjì bíi ti Texas, yóò wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí kó pe fóònù láti dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀: ṣé o ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá? Èló lo pa? Ṣé o wà ní sẹpẹ́ láti ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́? Ìdáhùn wọ̀nyí dà bí ìbúra. Ibẹ̀ ni ìrìn àjò ti ń gbé àwọn èèyàn wa ṣubú.

Ká ní bàbá ọkùnrin kan kú ní Ìjẹ̀bú-Òde. Òun ni àkọ́bí. Kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé kó má lọ. Bí kò bá lọ, ta ni yóò da erùpẹ̀ sí i? Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó mọ̀ pé láti ìsìn àìsùn títí dé ìdúpẹ́, òun yóò lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òfin kò ní kó má rìn. Ohun tí òfin kọ̀ ni pé kó gba owó ọ̀sẹ̀ tí kò fi sí nítòsí. Bí ọ̀gá kan ní Houston bá pè é lọ́la pé kó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò lè jẹ́ ìpè náà láti Ìjẹ̀bú-Òde. Nítorí náà, kó sọ òtítọ́ nínú ìdáhùn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, tàbí kó má ṣe béèrè owó fún wọn rárá, kó sì lọ sin bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn. Nígbà tó bá padà, kó tún ìbéèrè rẹ̀ ṣí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ rèé: owó ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn kì í ṣòfò. Iye kan ni ìpínlẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún èèyàn láàárín ọdún kan. Bí wọ́n bá fún ọkùnrin yìí ní 400 dọ́là lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 26, tó ti gba ti 8, tó wá lọ fún ọ̀sẹ̀ 3, yóò padà bá ọ̀sẹ̀ 18 rẹ̀ níbi tó fi wọ́n sí, bí ọdún náà kò bá ṣáà tí ì pé. Owó náà pẹ́ díẹ̀ ni, kò bọ́.

Ẹ wá wo ti ẹni kejì, tó fa fóònù lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ ní pápá ọkọ̀ òfurufú: "Jọ̀ọ́, máa bá mi tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ṣáà máa tẹ̀ pé mo wà nílé." Tàbí tó jókòó sí pálọ̀ ìyá rẹ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. New York kò gbà kí ẹlòmíràn bá èèyàn dáhùn ìbéèrè yẹn, kò sì gbà kí èèyàn béèrè owó láti òkè òkun, àfi Canada àti àwọn erékùṣù tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ wọn ń rí ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ń lò ti wá, òǹtẹ̀ sì wà nínú pásípọ́ọ̀tù. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, 1,200 dọ́là ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn di gbèsè. Òfin ìjọba àpapọ̀ sì pàṣẹ pé kí ìpínlẹ̀ fi ó kéré tán ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé e gẹ́gẹ́ bí ìtanràn jìbìtì, 180 dọ́là nìyẹn. Wọ́n lè fà á yọ nínú owó orí tí ìjọba fẹ́ dá padà fún un, ìpínlẹ̀ sì tún lè fi àwọn ọ̀sẹ̀ kan dù ú lọ́jọ́ iwájú. Owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ì bá dúró dè é ló di ẹjọ́.

Ìrìn inú Amẹ́ríkà kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ ní Atlanta ń wá iṣẹ́ ni. Ẹni tó lọ síbi ìgbéyàwó ní òpin ọ̀sẹ̀, tó lè padà bí wọ́n bá pè é, kò kúrò nítòsí. Ẹni tó sì kó láti New York lọ sí Texas pátápátá lè máa gba owó New York níbẹ̀, torí ibi tó ti ṣiṣẹ́ ló ń san án, bó bá ṣáà ti fi àdírẹ́sì tuntun tó wọn létí, tó sì ń wá iṣẹ́ níbi tó kó lọ.

Ní Ìlú Ọba, òfin ìrìn àjò yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà: ẹni tó ń gba Universal Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba níbẹ̀, lè wà lókè òkun fún oṣù kan láìjẹ́ pé owó náà dúró, bó bá sọ fún wọn ṣáájú, tó sì ń ṣe ojúṣe rẹ̀. Bí ìbátan tó súnmọ́ ọn bá kú nígbà tó wà níbẹ̀, tí kò sì bójú mu kó padà kíákíá, wọ́n lè fi oṣù kan lé e. Mo fẹ́ràn pé òfin wọn rántí òkú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tó fi físà wà níbẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí Universal Credit. Ohun tí wọ́n kì í sọ fún wọn ni pé Jobseeker's Allowance, ìyẹn owó àìníṣẹ́, irú èyí tí èèyàn fi National Insurance rẹ̀ gbà, kò sí lára owó tí físà náà kà léèwọ̀. Ẹni tó bá ti san National Insurance tó yẹ fún ọdún méjì tó ṣáájú kó lọ béèrè.

Ó ku iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́. Kò sí Yorùbá tí yóò jókòó lásán. Bí iṣẹ́ ọ́fíìsì bá lọ, yóò wa Uber, yóò gbé oúnjẹ DoorDash, yóò lọ tọ́jú arúgbó lóru, yóò dirun, yóò se jọ̀lọ́ọ̀fù fún ìkómọ. Obìnrin tó lóhùn dáadáa yóò ṣe alága ìjókòó ní Lanham, ní Maryland, ní ọjọ́ Sátidé, wọn yóò san owó iṣẹ́, wọn yóò sì tún ná an lójú agbo. Ẹ̀mí yìí dára, òfin kò sì ta kò ó. Ohun tí òfin ń béèrè ni kí ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ṣiṣẹ́ náà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tí owó wọlé. Bí alága yẹn bá ṣiṣẹ́ lónìí, tí ìyá ìyàwó wá fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ lórí Zelle lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ ni yóò kọ ọ́ sí. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ olówó oṣù, gbogbo owó náà ni yóò kọ, kí wọ́n tó yọ owó orí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí àwọn bá sọ 100 dọ́là, gbogbo owó ọ̀sẹ̀ náà ti lọ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Texas, ẹ lè pa tó ìdámẹ́rin owó ọ̀sẹ̀ yín kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan. Bó bá jẹ́ 400 dọ́là ni wọ́n ń san fún yín, 100 dọ́là àkọ́kọ́ kò kan ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá pa 160, wọn yóò yọ 60, ẹ óò gba 340, owó tó wọlé lọ́sẹ̀ yẹn yóò sì di 500. Iye tí wọn kò tí ì san sì wà nílẹ̀ de ọ̀sẹ̀ mìíràn. New York ní tirẹ̀ ń ka wákàtí: títí dé wákàtí 10 lọ́sẹ̀, wọn kò yọ nǹkan kan, láti 11 dé 16, wọ́n yọ ìdámẹ́rin, láti 17 dé 21, ìdajì, láti 22 dé 30, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, bó bá ti kọjá 30, kò sí owó fún ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹni tó ń fún ara rẹ̀ níṣẹ́ náà wà nínú ìṣirò yìí. Wákàtí tí ẹ fi ń polówó ankara yín lórí Instagram, New York kà á sí iṣẹ́, kódà bí èrè kò bá tí ì wọlé. Bí ẹ bá mọ èyí ṣáájú, ẹ lè to ọ̀sẹ̀ yín: kí awakọ̀ mọ ìgbà tí wákàtí 10 pé, kó pinnu bóyá kọkànlá yẹ fún un.

Àwọn kan béèrè nípa àjọ. Owó àjọ tí ẹ kó kì í ṣe owó iṣẹ́. Owó yín tí ẹ ti dá sílẹ̀ ló padà wá. Ẹ̀bùn ẹ̀gbọ́n yín náà kì í ṣe owó iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pe owó irun dídì ní ẹ̀bùn, torí bí ẹjọ́ bá dé, oníbàárà yín ni wọn yóò bi léèrè. Ilé iṣẹ́ tó bá sì gba èèyàn tuntun gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ tó ìjọba létí láàárín 20 ọjọ́, àwọn ìpínlẹ̀ sì ń fi ìwé yẹn wé orúkọ àwọn tó ń gba owó. Àṣírí iṣẹ́ alẹ́ kì í pẹ́ tú.

Ẹ má gbàgbé owó orí. Ìjọba àpapọ̀ ń gba owó orí lórí owó àìníṣẹ́ yìí. Ẹ lè ní kí wọ́n máa yọ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé 1099-G yóò dé ní oṣù Kìíní, gbèsè náà yóò sì dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mi ò lè sọ̀rọ̀ òtítọ́ nínú ọ̀ràn yìí kí n fo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2020. Lásìkò Kòrónà, Amẹ́ríkà fi 600 dọ́là kún owó ọ̀sẹ̀ gbogbo aláìníṣẹ́ títí dé ìparí oṣù Keje ọdún náà, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn fún awakọ̀ Uber àti onídìrí, àwọn tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i tẹ́lẹ̀. Àwọn ọ̀dáràn jí orúkọ àwọn ẹlòmíràn, wọ́n sì fi gbówó. Ní oṣù Karùn-ún 2021, wọ́n mú Abidemi Rufai, tó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ pàtàkì fún gómìnà ìpínlẹ̀ Ògùn, ní pápá ọkọ̀ òfurufú JFK. Ó gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ní 2022. Ìpínlẹ̀ Washington ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà ti wá. Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn tí owó náà tọ́ sí ló ń san ẹ̀san rẹ̀ títí dòní. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sọ yíyẹ ìdánimọ̀ wò di ohun líle, tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá àgbà tó ti fi 20 ọdún tọ́jú aláìsàn lè máa wá bí yóò ṣe ya àwòrán ojú rẹ̀ lórí fóònù fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìdí kan sí i nìyẹn tí ìwé yín fi gbọ́dọ̀ mọ́: kí orúkọ inú Social Security, inú ìwé owó oṣù àti inú ìwé ìwakọ̀ bára mu, kí Olúwáṣeun má di Seun níbì kan kó tún di Oluwa níbòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tó ṣe kókó jù, ìyẹn ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé pé wọn kò ní san owó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń jọ̀wọ́ ara wa. A rí òǹtẹ̀ ìjọba, a rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àwọn àgbà wa ló ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ìpinnu àkọ́kọ́ yẹn, òṣìṣẹ́ ìjọba kan ló jókòó ti ìwé, tó ka ohun tí ọ̀gá yín kọ àti ìwọ̀nba ohun tí ẹ̀yin kọ, ó sì mú ọ̀kan. Kò rí ojú ẹnikẹ́ni. Òfin mọ̀ pé irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ lè wọ́, ìdí nìyẹn tó fi ṣí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sílẹ̀.

Ọjọ́ ni ọ̀tá. Texas fún yín ní 14 ọjọ́, Maryland 15, New York àti California 30. Láti ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sórí lẹ́tà ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ ṣí àpótí lẹ́tà. Ẹni tó bá ní kí òun dúró kí lọ́yà dé ti sọ ọjọ́ nù. Lẹ́tà náà kò béèrè ọgbọ́n ìwé. Ẹ kọ orúkọ yín, nọ́ńbà ìbéèrè yín, ọjọ́ tó wà lórí ìpinnu náà, kí ẹ sì kọ pé ẹ kò fara mọ́ ọn, ẹ ń béèrè ìgbẹ́jọ́. Àlàyé lè tẹ̀lé e.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ má ṣe dá ìdáhùn ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ dúró. Mo tẹnu mọ́ èyí torí òun ló ń jẹ owó àwọn tó borí. Ẹjọ́ lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá jàre, àwọn ọ̀sẹ̀ tí ẹ dáhùn ìbéèrè fún nìkan ni wọn yóò san. Ẹni tó bá bínú, tó ní kí ni mo tún ń tẹ̀ ẹ́ sí nígbà tí wọ́n ti kọ̀, yóò gba ìdájọ́ rere láìsí owó.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, tó sábà máa ń jẹ́ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ni yóò búra, ẹ sì lè bi ọ̀gá yín ní ìbéèrè. Bó bá jẹ́ pé wọ́n lé yín, ọrùn wọn ni ẹ̀rí wà: àwọn ni yóò fi hàn pé ìwà àìtọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni ẹ hù, pé ẹ mọ òfin, ẹ sì mọ̀ọ́mọ̀ rú u. Ẹni tó sa gbogbo ipá rẹ̀, tí iṣẹ́ náà kò sì bọ́ sí i lọ́wọ́, kò hu ìwà àìtọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀yin ni yóò fi ìdí tó nípọn hàn. Ẹ wá ẹni tó fojú rí i. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó ń ka fáìlì kò tó ẹlẹ́rìí tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ sì lè sọ bẹ́ẹ̀ fún adájọ́. Ẹ kó àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù jọ, ẹ kó àtẹ iṣẹ́, ìwé ìkìlọ̀ àti ìwé owó oṣù, kí ẹ sì fi wọ́n ránṣẹ́ ṣáájú bí lẹ́tà ìgbẹ́jọ́ ṣe là á sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé níbẹ̀, torí àwọn tó wà lókè, bí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ohun tó ti wà nínú àkọsílẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń yẹ̀ wò.

Ọ̀nà tí àwa Yorùbá ń gbà rojọ́ lè ṣèpalára níbẹ̀. A máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìjókòó wá, a máa ń sọ iye ọmọ, owó ilé, àìsàn ìyá. Adájọ́ yìí kò béèrè bóyá owó wọ́n yín. Ohun tó ń béèrè ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, ta ló sọ kí ni, kí lẹ fèsì. Ẹ dáhùn èyí tó bi yín, kí ẹ dákẹ́. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò bá yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ béèrè ògbufọ̀ Yorùbá ṣáájú ọjọ́ náà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má ṣe fi ọmọ yín ṣe ògbufọ̀. Ní New York, ẹni tó bá ṣojú yín kò gbọ́dọ̀ gba owó àfi bí ẹ bá borí, ìgbìmọ̀ ẹjọ́ ni yóò sì fọwọ́ sí iye tó máa gbà. Àwọn lọ́yà ọ̀fẹ́ tó ń ran mẹ̀kúnnù lọ́wọ́ wà ní gbogbo ìpínlẹ̀.

Bí ẹ bá sì borí tí ọ̀gá yín pe ẹjọ́ tirẹ̀, kí ọkàn yín balẹ̀. Ní 1971, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ kan tó wá láti California, wọ́n ní ìpínlẹ̀ kò lè dá owó dúró kìkì nítorí pé agbanisíṣẹ́ pe ẹjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti pinnu pé owó tọ́ sí òṣìṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ níbẹ̀, ẹni tí wọ́n kọ̀wé sí pé "rárá" ló bí i. Adell Sherbert ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Spartanburg, South Carolina. Ó wọ ìjọ Seventh-day Adventist. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ní kí gbogbo èèyàn máa wá ní Sátidé, ó kọ̀ nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, wọ́n lé e, ìpínlẹ̀ sì ní kò ní rí owó gbà. Ó pe ẹjọ́ títí ó fi dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ó sì borí ní 1963. Ní 1981, Eddie Thomas, Ẹlẹ́rìí Jèhófà kan ní Indiana tó kọ̀ láti ṣe ohun ìjà ogun, jàre ní ilé ẹjọ́ kan náà. Ẹ wo iye èèyàn wa tó ń jọ́sìn ní Sátidé tàbí tí kò lè ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kan nítorí ìgbàgbọ́ wọn. Àwọn ni ìdájọ́ yẹn ń gbè lẹ́yìn. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ kiri náà ní tiwọn: Luis Vega gbé ẹrù fún Postmates ní New York ní 2015, ilé iṣẹ́ náà ní kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn, ọ̀rọ̀ sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà. Ní oṣù Kẹta 2020, wọ́n dájọ́ pé òṣìṣẹ́ ni í ṣe tó bá dọ̀rọ̀ owó àìníṣẹ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé kọ́ńtíráátọ̀ lẹ jẹ́, ẹ má ṣe gbà á láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Gbèsè pẹ̀lú ń bọ̀ nínú lẹ́tà nígbà mìíràn: wọ́n ní àwọn ti san jù, ẹ dá a padà. Èyí náà ṣeé pe ẹjọ́ lé lórí. Bí kò bá sì sí jìbìtì níbẹ̀, tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló ṣìṣirò, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lè darí gbèsè náà jì yín bí ẹ bá béèrè. Wọn kì í darí jì ẹni tí kò béèrè.

Mo ń bẹ àwọn pásítọ̀, àwọn ìmáàmù àti àwọn olórí ẹgbẹ́ ìlú wa ní Amẹ́ríkà: ẹ máa sọ èyí nínú ìpàdé, ẹ yan ẹnìkan tó lè jókòó ti àgbàlagbà kan láti ka lẹ́tà rẹ̀. Ẹ̀yin tí lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ wà nínú àpótí yín lónìí, ẹ gbé e jáde, ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ kọ ìwé ẹjọ́ yín kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì dáhùn ìbéèrè ọ̀sẹ̀ yìí.